Òfin Tó Mọ Olè, Tí Kò Mọ Aláìsàn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìtọ́jú Ìdẹ̀rùn, ní Òṣogbo

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà ìlú tí ẹ fi ọjọ́ Sátidé yín sílẹ̀ wá jókòó tì wá, mo kí yín kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ọmọ aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ́ síbí láì tíì fojú ba oorun, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run yóò máa fún yín lókun. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ti ọjà Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba wá, mo kí gbogbo yín pátá.

Ọ̀rọ̀ òfin ni wọ́n ní kí n sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfin a máa pe oorun wá, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Nọ́ọ̀sì ni mí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ohun tí ojú mi rí ní wọ́ọ̀dù ló sì lé mi dé ilé ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ fara dà á fún mi bí mo bá ń ti inú ìwé òfin bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, tí mo tún ń ti ibẹ̀ padà sínú ìwé òfin.

Ohun tí à ń pè ní ìtọ́jú ìdẹ̀rùn

Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn ni ìtọ́jú tí à ń fún ẹni tí àìsàn ńlá ń bá jà, kí ìrora rẹ̀ lè dínkù, kí ó lè rí èémí mí, kí èébì àti àìróorunsùn má baà tán an lókun, kí ìbẹ̀rù ọkàn rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí àwọn ẹbí tó ń tọ́jú rẹ̀ náà má sì ti ẹnu ìtọ́jú bọ́ sí àìsàn tiwọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí àìsàn náà ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kí òun àti ìtọ́jú tó ń lépa ìwòsàn jọ máa rìn pọ̀. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ nílò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ nílò rẹ̀. Ọmọdé tí fọ̀níkúfọ̀ládìde ń yọ lẹ́nu, tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí oorun sùn, nílò rẹ̀. Ilé tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún irú ìtọ́jú yìí ni họ́sípíìsì, ṣùgbọ́n inú ilé aláìsàn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ń wáyé, lórí ibùsùn tó ti mọ́ ọn lára, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1967 ni Cicely Saunders dá ilé St Christopher's sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀ kó tó di dókítà, òun ló sì kọ́ ayé pé ìrora ara nìkan kọ́ ló ń jẹ aláìsàn níyà: owó tó ń tán nílé wà níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì parí ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ìbéèrè tó ń bi Ọlọ́run rẹ̀ lóru náà wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, oníṣègùn akunilóorun, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní iṣẹ́ náà.

Bí àìsàn bá ti wọ ara, a ní ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń tu ara wa nínú: àrùn là á wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: kí ọlọ́jọ́ tó dé, ta ló ní ká má wo ìrora? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 56.8 ló nílò ìtọ́jú ìdẹ̀rùn káàkiri ayé, ìdá 14 péré nínú 100 wọn ló sì ń rí i gbà. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣe ìṣirò mìíràn jáde ní ọdún 2017: nínú 298.5 tọ́ọ̀nù oògùn ìrora tó lágbára bíi mọfíìnì tí wọ́n ń pín káàkiri ayé lọ́dún, 0.1 tọ́ọ̀nù péré ló dé ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ. Wọn kò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn tó tòṣì jù nínú ìṣirò yẹn o. Ẹni tó bá ti sùn ní wọ́ọ̀dù wa rí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí rẹ̀.

Kí ló wá ń dí ọ̀nà? Ẹ ó gbọ́ pé owó ni. Mọfíìnì olómi, èyí tí wọ́n ń po láti ara lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, kì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Ẹ ó gbọ́ pé ìmọ̀ ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Òfin ni mo fẹ́ ká dì mú lónìí.

Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ sọ. DDA là ń pè é ní wọ́ọ̀dù. Òfin oògùn eléwu tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1935 ló fún un lórúkọ. Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn ló wà, kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti ìta àti ti inú. Bí wọ́n bá fẹ́ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ mọfíìnì, nọ́ọ̀sì méjì ni yóò dúró tì í. Àwọn méjèèjì yóò ka iye tó wà nínú páálí, wọn yóò kọ orúkọ aláìsàn, aago, ìwọ̀n oògùn àti iye tó kù sínú ìwé ńlá kan tí a kò gbọdọ̀ ya ojú ewé rẹ̀, wọn yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì tọ́jú ìgò abẹ́rẹ́ náà lẹ́yìn tó ti ṣófo. Nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́, a ó tún un kà kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí ẹyọ kan bá dín, ẹnikẹ́ni kò ní lọ sílé.

N kò bá ìyẹn jà. Oògùn tó lágbára ni, ó sì yẹ ká ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, kí ẹ sì fi òótọ́ inú dáhùn: ìwé ńlá wo la ń kọ orúkọ aláìsàn tó jẹ̀rora mọ́jú sí? Nọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ti dá dúró rí pé kò gbọdọ̀ lọ sílé, nítorí pé ẹnì kan ké láti aago méjì òru títí ilẹ̀ fi mọ́, tí kò sí oògùn tí a fún un? Ẹyọ oògùn kan tó sọnù, gbogbo ilé ìwòsàn yóò gbọ́. Òru kan tó kún fún igbe, àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ìtòsí nìkan ló mọ̀. Bí òfin wa ṣe rí gan-an nìyẹn: ó mọ olè oògùn dáadáa, kò mọ aláìsàn rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin wò. Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀, èyí tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọdún 1989, sọ ní abala rẹ̀ kọkànlá pé ẹni tó bá kó oògùn olóró wọlé, tó ṣe é, tó tà á tàbí tó rà á láìní àṣẹ lábẹ́ òfin, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, tàbí tó lò ó, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni. Oògùn wo ni òfin náà ń sọ? Ó dárúkọ kokéènì, LSD àti heroíìnì, ó wá fi gbólóhùn kan kún un: àti àwọn oògùn mìíràn tó jọ wọ́n. Ó dára. Ara mọfíìnì ni wọ́n ti ń ṣe heroíìnì. Ta ni yóò sọ pé ọmọ kò jọ ìyá? Òótọ́ ni pé òfin náà yọ ẹni tó ní àṣẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú abala náà tí wọ́n ti dárúkọ aláìsàn, tàbí ọmọ aláìsàn tó ń gbé oògùn ìyá rẹ̀ lọ sílé. Agbófinró ojú títì ni yóò wá túmọ̀ àṣẹ náà bó bá ṣe yé e.

Mo ti rí bó ṣe yé ọ̀kan nínú wọn. Màmá kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, aláró ni wọ́n, jẹjẹrẹ ọyàn wọn sì ti wọ egungun ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wọn gbà mí láyè láti sọ ìtàn yìí bí n kò bá ti dárúkọ. Ọmọ wọn ọkùnrin lọ gba mọfíìnì olómi wá láti Ìbàdàn, nínú ìgò oníke kan tí wọ́n kọ orúkọ màmá, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa mu sí lára, pẹ̀lú ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Lójú ọ̀nà, àwọn agbófinró kan dá ọkọ̀ tó wọ̀ dúró, wọ́n tú báàgì rẹ̀.

“Kí ló wà nínú ìgò yìí?”

“Ọ̀gá, oògùn ìyá mi ni. Ẹ wo ìwé dókítà níbí sà.”

“Mọfíìnì ni wọ́n kọ sí i. Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́? Ta ló mọ̀ bóyá ìwọ lo kọ ìwé yìí?”

Ọkọ̀ lọ, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yìn tí dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ọ̀gá wọn náà sì dé, ni wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú nígbà náà. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń mu oògùn yẹn, nítorí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ fi máa wọlé, màmá ti fi eyín gé etí aṣọ ìbora wọn jálẹ̀. Èmi ni mo kó òwú ẹnu wọn kúrò kí wọ́n tó lè gbé oògùn mì.

N kò dá agbófinró yẹn lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin kọ́ ọ ló ṣe. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ òfin, kò sí fọ́ọ̀mù kan pàtó tó lè fi wé ìwé ọwọ́ ọmọ náà, kò sì sí nọ́ńbà tí yóò pè láti wádìí.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé olè wà. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, tó jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, nínú wọn ni mílíọ̀nù 4.6 tó ń lo oògùn ìrora bíi tramadol àti kódíìnì ní ìlòkulò. Àwọn ọmọ wa ni. Ẹ rí wọn ní gáréèjì, ẹ sì rí wọn níbi àríyá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ omi ikọ́ oníkódíìnì gbóná ní ọdún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé. Mo lóye ìdí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ìbẹ̀rù bá ti gba ìlú kan, apòògùn á kọ̀ láti ra mọfíìnì sílé, dókítà á kọ̀ láti kọ ọ́, nítorí ẹni tí kò ní in ní ṣọ́ọ̀bù kò ní jẹ́jọ́ kankan. Olùtajà ojú títì ńkọ́? Ó ń tà lọ ní tirẹ̀. Kò gba ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n máa gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1985, orílẹ̀-èdè Íńdíà ṣe òfin oògùn olóró kan tó le koko, èyí tó pàṣẹ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ó kéré tán fún ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ oògùn wọ̀nyí. Àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lé mọfíìnì jáde, ìlò rẹ̀ fún aláìsàn sì lọ sílẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni Íńdíà wà lára àwọn tó ń gbin ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ta fún ayé. Àwọn dókítà bíi M. R. Rajagopal ti ìpínlẹ̀ Kerala kò dákẹ́. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin títí wọ́n fi tún òfin náà ṣe ní ọdún 2014, tí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo fi dípò ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ tí ilé ìwòsàn ní láti máa wá kiri tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí i pé wọn kò tú ìdè olè sílẹ̀. Wọ́n kàn yọ aláìsàn kúrò nínú rẹ̀ ni.

Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1961 lórí oògùn olóró, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, ti là á sílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ sọ pé kò sí bí a ṣe lè ṣe láìsí oògùn wọ̀nyí fún ìrora, àti pé ó yẹ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan rí i dájú pé wọ́n wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ ìṣègùn. Apá méjì ni àdéhùn náà ní: ẹ ṣọ́ ọ, kí ẹ sì pèsè rẹ̀. Apá kan là ń fi ọwọ́ líle mú, a gbàgbé èkejì sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń béèrè nìyí: kí wọ́n tún òfin NDLEA ṣe, kí ó sọ ní kedere pé dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn, aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kò ṣẹ̀, bí wọ́n bá ti ní ìwé oògùn tó péye, kí fọ́ọ̀mù kan náà sì wà jákèjádò Nàìjíríà tí agbófinró yóò mọ̀ bó bá rí i.

Ta ni yóò fọwọ́ sí i?

Mo dé orí èkejì, ẹ̀yin dókítà, ẹ má bínú sí mi. Lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì kò lágbára láti kọ mọfíìnì fún aláìsàn, dókítà ló ní in. Ẹ wá sọ fún mi: dókítà mélòó ló kù ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ní àdúgbò yín? Àwọn tó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Saudi, wọ́n ń fi káàdì ìkíni ọdún ránṣẹ́ sí wa. Nọ́ọ̀sì ló kù. Nọ́ọ̀sì ló mọ ilé aláìsàn, òun ló mọ orúkọ ajá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Aago méjì òru kì í sì í bá dókítà nílé màmá aláró.

Uganda ti la ọ̀nà yìí kọjá. Ní ọdún 1993 ni dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Nàìjíríà wa níbí rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní Kampala. Wọ́n ń po lẹ́búlẹ́bú mọfíìnì pọ̀ mọ́ omi, wọ́n sì ń dá àwọ̀ sí i kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá èyí tó le àti èyí tí kò le mọ̀ yàtọ̀ (ẹ̀yin aláró Òṣogbo, ẹ rí i pé iṣẹ́ yín wúlò ní ilé ìwòsàn). Nígbà tí wọ́n rí i pé dókítà kò kárí, wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan fún oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n sì tún òfin ṣe ní ọdún 2004 kí àwọn tó yege lè máa kọ mọfíìnì fún aláìsàn. Uganda kò lówó jù wá lọ. Wọn kò ní epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà nígbà náà. Òfin ni wọ́n fi jù wá lọ.

Mo mọ àtakò tí yóò wá. Wọn yóò ní nọ́ọ̀sì yóò jí i tà. Ṣé kì í ṣe nọ́ọ̀sì kan náà ni ẹ fi kọ́kọ́rọ́ DDA sí lọ́wọ́ láti ọdún 1935? Ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé láti ṣọ́ ọ, tí a kò gbẹ́kẹ̀ lé láti kọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tó péye, òfin tó rò bẹ́ẹ̀ ní láti tún èrò ara rẹ̀ pa.

Ọ̀nà Òṣòdì

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Títí di ìgbà tí mo fi kúrò ní wọ́ọ̀dù, ibùdó oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, ní Èkó, ni ilé ìwòsàn ti ń ra oògùn wọ̀nyí. Láti Òṣogbo dé ibẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ, apòògùn gan-an ni yóò sì gbé ìwé àṣẹ lọ. Bó bá débẹ̀ tí oògùn kò sí, yóò padà wálé lọ́wọ́ òfìfo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀gá ilé ìwòsàn yóò ní kó má lọ mọ́, epo ọkọ̀ ti wọ́n.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti ń yí bìrí. Lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní láti sọ fún INCB, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ oògùn olóró, ní ìlú Vienna, iye oògùn olóró tí iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ yóò nílò, kò sì gbọdọ̀ kó ju iye náà lọ wọlé. Bí a bá ṣírò ohun tí a lò lọ́dún tó kọjá, ó kéré, nítorí pé kò sí. Nítorí pé ó kéré, díẹ̀ la ó tún béèrè. Ẹni tí kò rí omi mu kò sí nínú ìṣirò àwọn tó ń mu omi. Ìlànà tí mo fẹ́ rọrùn: kí òfin pàṣẹ pé kí ibùdó oògùn ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ní i nílẹ̀, kí ìṣirò sì ti iye àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. NAFDAC, NDLEA àti ilé iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera gbọ́dọ̀ jọ jókòó lórí ìṣirò kan ṣoṣo.

Ìlànà kì í ṣe òfin

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, àpérò ìlera àgbáyé fẹnu kò fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú ìtọ́jú ìdẹ̀rùn mọ́ ètò ìlera wọn. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn jáde. Mo kà á, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá ń jẹ̀rora lọ́la, tí kò sí oògùn, ẹ kò lè gbé ìlànà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo kí adájọ́ fi ṣe nǹkan kan. Àní òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 tó sọ ní abala 17 pé kí ìlera tó péye wà fún gbogbo ènìyàn, abala 6 inú rẹ̀ kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014. Abala 20 rẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn tó bá kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì ti jẹ̀bi. Owó ìtanràn wà, ẹ̀wọ̀n wà. Ìyẹn ni òfin tó ní eyín. Ṣùgbọ́n abala náà kò dárúkọ ìrora tí kò gbọ́ oògùn lásán. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n fi kún un, n kò sì tíì gbọ́ àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí ìdí tí kò fi sí níbẹ̀.

Lórí owó, òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní tirẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní O-HIS. Ohun tí mo ń béèrè ni kí wọ́n kọ ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, mọfíìnì olómi àti àbẹ̀wò nọ́ọ̀sì sílé sínú àkójọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún, ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì. Bí kò bá sí lákọsílẹ̀, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì yóò sọ pé kò sí.

Ẹ má sọ fún màmá

Orí yìí kan àwa fúnra wa ju ìjọba lọ. Ẹ̀yin dókítà, ìgbà mélòó ni ẹbí ti dúró tì yín ní kọ̀rídọ̀, tí wọ́n ń rọra sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá pé jẹjẹrẹ ni”? Ìfẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n màmá mọ̀. Wọ́n ń wo ojú ọmọ wọn, wọ́n ń wo bí owó ṣe ń lọ, wọ́n sì ń dákẹ́ kí ọmọ má baà sunkún. Abala 23 òfin ìlera ọdún 2014 ti sọ pé aláìsàn gan-an ló ni ẹ̀tọ́ láti mọ bí ara rẹ̀ ṣe wà, ní èdè tó gbọ́, àyàfi bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé mímọ̀ náà yóò ṣe é ní ibi. Ó sì tún lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́. Ní èdè tó gbọ́! Ní Òṣogbo, Yorùbá ni fún ọ̀pọ̀. Òfin rere tí a kì í lò nìyẹn. Bí màmá bá mọ̀, wọ́n lè sọ pé ilé ni wọ́n fẹ́ wà, wọ́n lè pín aṣọ wọn, wọ́n lè bá àbúrò tí wọ́n ti ń bá jà tipẹ́ parí ìjà. Ohun tó kù kí a ṣe sí òfin yìí ni kí wọ́n fi kún un pé ìpinnu tí aláìsàn bá kọ sílẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé gbọ́dọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹnu ọ̀nà tí a fẹ́ kàn. Oògùn àti májèlé wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nítorí náà, ẹ má lọ bá aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lórí òfin NDLEA, ẹ ó kàn yọ ọ́ lẹ́nu lásán ni. Àwọn sẹ́nétọ̀ wa àti àwọn aṣojú-ṣòfin wa ní Abuja ni ìyẹn kàn, àti àwọn ìgbìmọ̀ ìlera àti ti oògùn olóró nínú ilé méjèèjì. Bí wọ́n bá ti pe ará ìlú sí ìpàdé ìtagbangba lórí àtúnṣe òfin kankan tó kan oògùn, kí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ apòògùn àti ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ti Òṣogbo fi ìwé ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nílé. Ohun tí O-HIS ń sanwó fún, Òṣogbo ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe Abuja. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ìdẹ̀rùn fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ìpínlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la. Ìwé àdéhùn láàárín ilé iṣẹ́ ìlera ní Abéèrè àti ọ́fíìsì NDLEA ìpínlẹ̀ wa, tí yóò sọ irú ìwé tí agbófinró yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé oògùn aláìsàn, kò nílò kí aṣòfin kankan dìde.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àbá òfin tí mo ti kà máa ń gbàgbé: oògùn tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lọ. Ìgò náà yóò wà lórí tábìlì, àwọn ọmọ ọmọ yóò sì kún ilé nítorí ìsìnkú. Àbá tèmi ni pé kí nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ilé wò ní àṣẹ láti gbà á padà láàárín ọjọ́ méje, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé DDA pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹbí kan, kí apòògùn sì bà á jẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Bí àwọn agbófinró bá rí i pé a ti ronú dé ibẹ̀, yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gba ìyókù.

Ẹ ṣeun tí ẹ tẹ́tí sí mi. Mo rí ọwọ́ ìyálọ́jà tó ti ń nà láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ Òṣòdì. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ wọn.